Awò ìbọn atẹ́gùn mi kò gbọ́ràn: ọ̀nà wo ni kí n fi tò ó?

Oníṣẹ́ Fíríìjì (Kubwa)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ikún ló lé mi dé ibí.

Mo ní oko ẹ̀pà kékeré kan lọ́nà Kwali. Àwọn Gbagyi tó fún mi nílẹ̀ ti sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé ikún ibẹ̀ kò bẹ̀rù aṣọ́komásùn, pé ó lè jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ ẹ̀pà. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni. Kí ẹ̀pà tó gbó, ẹ̀gbẹ́ ebè ti di ihò lọ́tùn-ún lósì, èèpo ẹ̀pà ló kù nílẹ̀.

Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ nìyẹn tí mo ra ìbọn atẹ́gùn, irú èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta sí i. Ọta òjé kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 ló ń jẹ. Awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí wọ́n fẹ́ yìn wà lórí rẹ̀, àgbélébùú, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, sì wà nínú awò. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti tò ó tán, pé ibi tí àgbélébùú bá wà ni ọta máa lọ, kí n ṣáà máa yìn ín.

Ó ti tò ó lóòótọ́, àmọ́ mi ò mọ ibi tó tò ó sí. Ní Sátidé, mo gbé páálí kan ti òkìtì ọ̀gán, mo fi ìṣísẹ̀ ka mítà 25, mo gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ó gba òsì. Mo yí bọ́tìnì awò, kẹ́, kẹ́, kẹ́, mo tún yìn ín. Ó gba ọ̀tún. Mo yí i padà díẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e gba òkè, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnì òkè rárá! Kí oòrùn tó mú, ọta bí ogójì ti lọ, páálí ti di asẹ́. Ọmọ Gbagyi kan jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń bá mi ka ọta ní Hausa. Nígbà tó yá, àánú mi ṣe é, kò kà mọ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, ẹnu wọn ò kò. Ọ̀kan ní kí n gba ẹ̀yìn wo inú ọ̀pá ìbọn títí màá fi rí ojú àmì, kí n wá yí awò kó máa wo ibẹ̀. Ìkejì ní kí n ra iná pupa tí wọ́n ń ki bọ ẹnu ìbọn. Ìkẹta ní ọta kan ṣoṣo ni: kí n yìn ín, kí n de ìbọn mọ́ tábìlì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí n wá máa yí awò títí àgbélébùú á fi bọ́ sórí ihò ọta náà.

Èwo ni kí n mú nínú ẹ̀? Mi ò bẹ̀rù síkúrù, òun ni mo ń jẹ.

---

Sájẹ́ǹtì Kakuri (Kaduna)

Àbúrò, o ṣeun tó o gba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ohun ìṣeré ni ìbọn atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ Òfin Ìbọn ti 1959 kà á mọ́ ìbọn ara ẹni tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó ní in. Ohun tó kàn: ṣé o ti sọ fún mai anguwa, olórí àdúgbò, pé ìwọ lò ń yìnbọn ní oko yẹn? Lásìkò tí a wà yìí, àwọn fijilanté lè yọ sí ọ kó o tó ki ọta kejì, wọn ò sì ní kọ́kọ́ béèrè orúkọ. Lọ rí mai anguwa kó o tó padà síbẹ̀.

Ó yá. Níṣẹ́ ológun, síróò là ń pè é. Mo ti dúró lẹ́yìn ọmọ rẹpẹtẹ lórí pápá ìbọn, àṣìṣe tó o ṣe yìí ni gbogbo ọmọ tuntun ń ṣe: ò ń lé ọta kiri. Ọta kan ṣoṣo kò lè sọ nǹkan kan fún ọ. Bóyá mímí rẹ ni, bóyá o já tírígà gbà, bóyá ìbọn ni, o ò lè mọ̀. Yìn ín mẹ́ta sójú kan náà, má fọwọ́ kan awò rárá. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kó jọ síbì kan, kódà kó jìnnà sí ojú àmì, inú mi á dùn, torí ìbọn ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wá àárín àwọn ihò náà, ti ibẹ̀ wọn ọ̀nà dé ojú àmì, ìgbà yẹn lo tó lè yí awò. Kó o tún yìn mẹ́ta. Tí wọn ò bá kó jọ, bó o yí awò mọ́jú, òfo ni.

Àwọn ọ̀nà tí wọ́n júwe fún ọ wàyí. Wíwo inú ọ̀pá, ọ̀nà gidi ni fún ìbọn ọdẹ ẹlẹ́tù tí bọ́ọ̀tì rẹ̀, irin tó ń dí ẹ̀yìn ọ̀pá, ń yọ. Rí i pé kò sí ọta nínú ẹ̀. Yọ bọ́ọ̀tì, gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn títí ihò rẹ̀ á fi gba nǹkan kan tó dá yàtọ̀ sí àárín, òkúta funfun ní mítà 25 bí àpẹẹrẹ. Láì mi ìbọn, gbójú sókè wo awò, yí i kí àgbélébùú bọ́ sórí òkúta yẹn. Ohun tí èyí wà fún kò ju kí ọta àkọ́kọ́ ba páálí lọ. Iṣẹ́ kan náà ni iná pupa ń ṣe, pẹ̀lú owó lórí. Ẹni tó bá fi iná pupa to ìbọn tó sì gba igbó lọ láì yìn ín, ẹran á fi í ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn mítà 25, ìbọn ẹlẹ́tù á lọ sí 100. Kí ọ̀pá máa tutù láàárín ọta o. Ọ̀pá tó gbóná lè ju ọta síbi tí ọ̀pá tútù ò ní jù ú sí, ọ̀pá tútù lo sì máa gbé pàdé ẹran.

Ọta kan pẹ̀lú ìbọn tí a dè: mo ti rí i tó ṣiṣẹ́, mo sì ti rí i tó dójú ti ọ̀gá mi kan níwájú gbogbo wa. Bí ọta kan yẹn bá jẹ́ ọta burúkú, ọta burúkú lo fi awò rẹ lé lọ́wọ́ yẹn.

Tìrẹ, gbé e lé àpò iyanrìn, fi ìdí ìbọn há èjìká, dì í mú gírígírí, yìn ín mẹ́ta-mẹ́ta.

---

Bàbá Ọdẹ (Minna)

Awò! Ẹ̀yin ọmọ yìí ń gbádùn.

Ṣakabùlà baba mi ni mo fi mọ ọdẹ. Kò sóhun tí èèyàn ń yí lára ẹ̀. Bó bá ń gba òsì, wàá mọ̀ ọ́n bó o ṣe mọ ìwà ìyàwó rẹ, wàá máa wo ọ̀tún díẹ̀, àlàáfíà á jọba.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè nípa ọ̀gán yẹn. Ṣé ó ti gbẹ? Ọ̀gán tí ọyẹ́ ti fẹ́ lù le ju bíríkì lọ, ọta òjé kékeré á ta padà láti ara ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣì ní àpá rẹ̀ ní ìpéǹpéjú. Rọ iyanrìn sínú àpò sìmẹ́ǹtì méjì, tò wọ́n síwájú ọ̀gán, iwájú wọn ni kí páálí wà. Kí ojú rẹ náà ní gíláàsì. Sì wo ẹ̀yìn ọ̀gán dáadáa, ta ló ń gba ibẹ̀ lọ sódò? A sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló bà.

Ní ti ikún fúnra ẹ̀, má wulẹ̀ jí ní ìdájí. Ikún kì í tètè jáde bí ehoro. Oòrùn á yọ, ilẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó yọjú, á wá nàró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ẹni tó ń retí àlejò. Nígbà tó bá nàró yẹn ni.

---

Àǹtí Bukuru (Jos)

Bọ̀ọ̀dá Fíríìjì, ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ọta mẹ́ta, bó ṣe rí nìyẹn. Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn, pé kí wọ́n dì í mú gírígírí lórí àpò iyanrìn, òun ló ń da páálí wọn rú. Ìbọn onísípíríǹgì irú tiyín yìí ni mo ń yìn láti ìgbà tí mo ti wà nílé bàbá mi, ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́tù.

Ẹ wò ó. Bí ẹ bá fa tírígà, sípíríǹgì ńlá inú rẹ̀ á ti písítìn síwájú, ìbọn á ta sẹ́yìn. Kí ó tó tán, písítìn á ti lọ kọ lu atẹ́gùn tó há níwájú rẹ̀, ìbọn á tún ta síwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fò, ọta sì ṣì lè wà nínú ọ̀pá. Nítorí náà, bí ọwọ́ yín bá ṣe gbà á láyè láti fò ni ọta á ṣe lọ. Lórí àpò líle, ibi ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá fún un mọ́ra, ibi ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá fún un lẹ́ẹ̀kan tí ẹ dẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, asẹ́ tí ẹ rí yẹn ni.

Àtẹ́lẹwọ́ òsì ni kí ẹ tẹ́ sórí àpò, kí igi ìbọn wá sùn lé àtẹ́lẹwọ́ náà bí ìgbà tí ẹ gbé orí ọmọ tuntun. Ẹ má fi ìka há a. Kí ìdí rẹ̀ kàn fara kan èjìká. Kí ọwọ́ òsì sì máa wà lójú kan náà nígbà gbogbo; téépù dúdú tí àwọn oníná ń lò ni mo lẹ̀ mọ́ tèmi, etí téépù ni àtẹ́lẹwọ́ mi ń wà, lóko, nílé, níbi gbogbo.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ béèrè wá yanjú ara wọn. Ẹ ò lè wo inú ọ̀pá, torí ẹ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ọ̀pá wálẹ̀ kí ẹ tó rí inú ẹ̀, nígbà tó bá sì ti ṣẹ́, ilẹ̀ ni ẹnu ẹ̀ ń wò, awò ń wo ọ̀run lọ́hùn-ún. Ẹ ò lè de ìbọn mọ́ tábìlì yìn ín kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ gbọ́, torí ìbọn tí a dè kò ní ju ọta síbi tí èyí tó sùn lé yín lọ́wọ́ máa jù ú sí. Owó iná pupa, ẹ fi ra ọta. Ọta mẹ́ta-mẹ́ta ti Bàbá Sájẹ́ǹtì ló kù, tàbí márùn-ún bí ọta bá wà. Láti mítà 10 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kó lè ba páálí, kí ẹ tó lọ sí 25.

Ẹ dúró ná, mi ò tíì dé ibi tó ń kọ mí lóminú. Ẹ ní ó gba òkè láì jẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan bọ́tìnì òkè. Ẹ yẹ òrùka tó di awò mú mọ́ irin orí ìbọn wò. Ìtasíwájú tí mo sọ yẹn máa ń jẹ́ kí awò yọ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí dúdú irin ti bó, tó ń dán, níwájú òrùka, awò ti rìn. Lórí irin náà, níhà ẹ̀yìn, ó sábà máa ń ní ihò kékeré kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Síkúrù tín-ín-rín kan wà lára òrùka tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ihò yẹn kó lè dá a dúró. Àwọn tó ń tà á kì í ráyè débẹ̀.

Kẹ́ tí ẹ ń kà ńkọ́? Bí awò yín bá jọ tèmi, ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé kẹ́ kan ń sún ọta ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ní 100 yáàdì. Ká sọ pé mìlímítà 7 ní mítà 100. Ní mítà 25, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn ló kù, kò tó mìlímítà 2. Ọta tó fi sẹ̀ǹtímítà 6 yà kúrò, kẹ́ 33 ló máa gbé e padà. Ẹni tó bá yí kẹ́ mẹ́ta ń kí awò ni. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí ẹ yí i sí, ọfà orí bọ́tìnì ń sọ ọ́.

Bí òrùka kan bá wà lẹ́nu iwájú awò tí wọ́n kọ 10, 15, 25 sí lára, ẹ fi sí iye mítà tàbí yáàdì tí ẹ ń yìn ín sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ rọra máa gbé ojú sí àárín awò gan-an. Awò ìbọn ńlá tí wọ́n tò fún 100, bí ojú bá yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní mítà 25, àgbélébùú á máa rìn lórí àmì, bẹ́ẹ̀ ìbọn ò mì.

Agolo ọta kan náà ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọta, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni yín, ọwọ́ yín á máa yún yín: ẹ má kán òróró sí ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Á gbiná níbẹ̀, á máa yọ èéfín, ọta á sì máa lọ bó ṣe wù ú.

---

Oníṣẹ́ Fíríìjì (Kubwa)

Àǹtí, ó ti rìn! Ojú dídán kan wà níwájú òrùka, ìbú rẹ̀ tó èékánná ọmọ ìka mi. Síkúrù tín-ín-rín yẹn wà lókè téńté, kò fara kan ihò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń bú ọwọ́ ara mi láti Sátidé. Mo ń bọ̀.

---

Sájẹ́ǹtì Kakuri (Kaduna)

Mi ò yin ìbọn onísípíríǹgì rí, mo sọ ohun tí mo mọ̀ ni. Àǹtí Bukuru, mo bẹ́rí fún ọ.

---

Oníṣẹ́ Fíríìjì (Kubwa)

Ẹ kú àtìjọ́. Ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ ti kọjá, mo mú àbọ̀ wá.

Mo tú awò sílẹ̀ pátápátá. Mo fi pẹtiróòlù nu orí irin, torí òróró ló kún abẹ́ òrùka. Mo sọ síkúrù tín-ín-rín kalẹ̀ wọ ihò rẹ̀, mo wá de àwọn tó kù ní ìdákọjá, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí a ṣe ń de orí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kó má baà tẹ̀ sápá kan. Mo mú kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi, mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí síkúrù kọjá sára òrùka. Bí síkúrù bá yí, ìlà á ṣẹ́, màá rí i. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé ìbọn náà ń lọ òde ni.

Mo lọ rí mai anguwa. Ó rán ọmọ rẹ̀ kan tẹ̀ lé mi, èyí tó ń ka ọta lọ́jọ́sí. Mo to àpò sìmẹ́ǹtì bí Bàbá Ọdẹ ṣe wí. Lẹ́yìn náà mo fa téèpù sí mítà 25 tí mo fi ìṣísẹ̀ kà: mítà 21 ni! Ẹsẹ̀ mi ń rẹ́ mi jẹ.

Ní mítà 10, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ba páálí, ìdérí ìgò mínírà kan bò wọ́n. Ẹ ò mọ bí ara mi ṣe yá tó. Ní mítà 25 gidi, àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́, mo yin márùn-ún láì fọwọ́ kan bọ́tìnì. Mẹ́rin kó jọ. Ẹ̀karùn-ún, èmi ni mo fa á, mo mọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Àárín àwọn mẹ́rin náà fi sẹ̀ǹtímítà 5 gba òsì, ó fi 3 àtààbọ̀ wà nísàlẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ sára páálí: kẹ́ 28 sápá ọ̀tún, kẹ́ 19 sókè. Mo yí i, ọmọ yẹn ń bá mi kà á.

Ohun kan yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Ọta àkọ́kọ́ lẹ́yìn yíyí kò tíì débẹ̀, ìkejì sún mọ́ ọn, ìkẹta ló bọ́ sójú àmì, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó jọ pé awò fẹ́ kí ìbọn gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí inú rẹ̀ tó jókòó. Ká ní ọ̀nà ọta kan ni mo mú ni, mi ò bá ti tún yí i kúrò níbi tó dára.

Mo tún yẹ ibòmíràn wò. Bó ṣe bá ojú àmì ní 25 yìí, ní mítà 10 ó fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà wà nísàlẹ̀, ní 30 ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan nísàlẹ̀, ní 35 ó di mẹ́rin. Mo fi bírò kọ ọ́ sórí téépù funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Láti 30 síwájú, mi ò yìn ín sí nǹkan tó ní ẹ̀mí.

Ikún kan péré ni mo tíì rí pa, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ní bíi mítà 20. Ó nàró gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ọdẹ ṣe wí, ẹ̀pà mi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mai anguwa ló gbé e lọ, ó ní ìyá òun á sè é.

---

Bàbá Ọdẹ (Minna)

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwọ yin ọta bí ọgọ́rin nítorí ikún kan, o wá gbé e fọ́mọ ọlọ́mọ lódindi, o ò yọ itan kan sílẹ̀. Ìkejì, Minna ni kó o gbé e wá.

---

Oníṣẹ́ Fíríìjì (Kubwa)

Bàbá, ihò mẹ́tàlá ni mo ṣì kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè lánàá. Ẹ fi ata sílẹ̀ dè mí.